Symlink Tó Nawọ́ sí Fódà Nínú Iṣẹ́ Àdàkọ Fáìlì

Ọdún 1983 ni symlink wọ Unix, nígbà tí Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley gbé 4.2BSD jáde. Fáìlì kékeré kan ni. Ọ̀nà tó lọ sí fáìlì tàbí fódà mìíràn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Hard link tó ti wà ṣáájú kò lè ti orí dísìkì kan bọ́ sí òmíràn, wọn kì í sì í gbà kí a fi so fódà, torí bí fódà bá lè di òbí àti ọmọ ara rẹ̀, ètò tó ń ti inú fódà bọ́ sínú fódà kò ní mọ ibi tí yóò ti padà. Symlink tú ìdè méjèèjì, ó sì dá ìbéèrè sílẹ̀: bí ètò àdàkọ bá pàdé èyí tó nawọ́ sí fódà, ṣé òun gan-an ni kó dà kọ, àbí ohun tó nawọ́ sí?

Ìdáhùn wọn kò jọra. Tar ń fi symlink pa mọ́ bó ṣe rí, àfi bí a bá fi -h sí i. Scp -r ń tẹ̀ lé e wọlé. Rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní 1996, a máa fò ó bí a kò bá fi -l tàbí -a sí i. Ìlànà POSIX tó yẹ kó parí ìjà ṣètò -H, -L àti -P fún cp -R, ṣùgbọ́n kò sọ èyí tí yóò ṣiṣẹ́ bí a kò bá mú ọ̀kankan.

Èrò tèmi ni pé kí a da symlink kọ bí symlink, kí títẹ̀lé e jẹ́ ohun tí a béèrè fún. Wo sáfà kan tí fódà releases wà lórí rẹ̀, tí 11 àti 12 wà nínú fódà náà, tí symlink tó ń jẹ́ current sì nawọ́ sí 12. Bí ètò bá tẹ̀ lé current, fódà gidi ni yóò dà lọ́hùn-ún: 12 ti di méjì, àtúnṣe tí a bá ṣe sí ọ̀kan kò ní hàn nínú èkejì, nígbà tí 13 bá sì dé, kò sí symlink tí a ó yí mọ́. Bí symlink bá nawọ́ sí fódà tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ètò tí kò ṣọ́ra yóò máa yí po títí Linux yóò fi dá a dúró, torí symlink 40 péré ló ń gbà nínú ọ̀nà kan.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹni tó ń da iṣẹ́ rẹ̀ sórí flash: lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, symlink náà kò ní rí ohun tó nawọ́ sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tó nawọ́ síta fódà tí à ń dà kọ ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Rsync mọ ìyàtọ̀ yìí: bí a bá fi --copy-unsafe-links kún -a, yóò da ohun tí irú èyí nawọ́ sí kọ, yóò sì fi àwọn tí kò kọjá inú fódà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mo tún gbà pé ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ symlink fún cp lè ní ohun inú rẹ̀ lọ́kàn. -H wà fún ìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ibi tí à ń dà á sí ni àwọn ètò ti pẹ́ kí wọ́n tó rí ojútùú. Alábòójútó lè ti kó fódà kan lọ sórí dísìkì tó tóbi jù, kó fi symlink rọ́pò rẹ̀. Bí a bá da fódà gidi tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lé e, cp ti GNU kọ̀ jálẹ̀. Ọdún 2024, nínú coreutils 9.5, ni --keep-directory-symlink, tó ń fi symlink náà sílẹ̀ tó sì ń tẹ̀ lé e, tó dé ọ̀dọ̀ cp, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tar ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ó tọ́ bí wọn kò ṣe jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a béèrè fún un, torí ẹni tó bá lè fi symlink sí ibẹ̀ lè darí fáìlì wa sí ibi tí a kò rò. Ìdí nìyí tí ìwé ìtọ́sọ́nà rsync fi kìlọ̀ pé ẹni tó bá lo -K, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà nínú rsync, gbọ́dọ̀ fọkàn tán gbogbo symlink tó wà nínú àdàkọ náà.