Láti ọ̀bẹ agbẹ́gi Kétu dé ẹ̀rọ défonceuse

Àáké àti ọ̀bẹ ni àwọn baba wa fi gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún aráyé ni. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn Àgùdà tó ti Bàhíà dé mú ọnà tiwọn wọ Àjàṣẹ́. Lónìí, défonceuse ló ń gbẹ́ kòtò gbọọrọ sínú pákó. Bí ẹ bá ń rà á fún iṣẹ́ ilé, ẹ mú èyí tó ṣeé tẹ̀ wọ àárín pákó. Ẹ wo ìdí irin rẹ̀ dáadáa: mílímítà 8 kò wọ ihò 6. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọmọ ní ọ̀bẹ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ mọ kòtò gbẹ́. Kò mọ àwọn ìyá tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bọlá fún.