Kì Í Ṣe Ìdúró Ni Turing Ń Wá

Wọ́n tún ti kọ ọ́! Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó sì ní ọdún 1936 ni Alan Turing fi hàn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ bóyá ètò kan yóò dúró tàbí kò ní í dúró láé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹnu ara wọn ni wọ́n ń gbà á, wọn kì í ṣí ìwé tí Turing kọ lọ́dún náà wò.

Ẹ ṣí i. Ẹ̀rọ tó dára lójú Turing ni èyí tó ń tẹ 0 àti 1 lọ láìlópin. Èyí tó tẹ ìwọ̀nba díẹ̀, tí kò lè tẹ òmíràn mọ́, ni kò dára. Ìbéèrè ìsọ̀rí 8 ni pé: ǹjẹ́ ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan lè mọ èyí tó dára yàtọ̀?

Ó ní ká gbà pé ó lè mọ̀ ọ́n. Ó wá kan ẹ̀rọ kan, H, tó ń yẹ àwọn ẹ̀rọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fara wé èyí tó bá yege. Bó bá jẹ́ ẹ̀karùn-ún tó yege ni, H yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí dé nọ́mbà karùn-ún, yóò sì mú un. Bó pẹ́ bó yá, yóò kan H fúnra rẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá ní ó yege, H ní láti tún iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe dé ojú ibi tó wà yẹn gan-an, àṣẹ tó máa bá níbẹ̀ ni pé kó tún iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Kò ní í rí nọ́mbà kankan tẹ̀ mọ́. Bí àyẹ̀wò bá ní kò yege, H á fò ó, á máa bá iṣẹ́ lọ láìlópin, irọ́ ni àyẹ̀wò náà pa nìyẹn. Nítorí náà, kò sí irú ẹ̀rọ ayẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, ìsọ̀rí kan náà sọ pé kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ̀ bóyá òmíràn yóò tẹ 0 rí. Ìbátan ìṣòro ìdúró nìyẹn, kì í ṣe òun gan-an. Onímọ̀ ìṣirò Kleene sún mọ́ ọn ní 1952. Ìwé onímọ̀ ìṣirò Martin Davis ti 1958 ló sọ ìṣòro náà ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é.

Lẹ́tà onímọ̀ kọ̀ǹpútà Christopher Strachey ní 1965, nínú The Computer Journal, ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ó ní òun kò rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ ìdúró yìí nínú ìwé kankan rí. Turing ṣàlàyé rẹ̀ fún òun lẹ́nu nínú ọkọ̀ ojú irin ní 1953, òun sì gbàgbé. Ó wá kọ tirẹ̀, ìlà díẹ̀ péré. Ṣé H ni Turing rò fún un, àbí ẹ̀rí kúkúrú tí à ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí? Àròkọ tí Turing kọ fún gbogbo ènìyàn ní 1954, ọdún tó kú, lè tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ kà á, kí ẹ tó tún dárúkọ 1936.