Òkúta tí Kò Fẹ́ Gbaná: Ìtàn Ààrò Ajẹgi-jẹ-èédú ní Pennsylvania

Òǹkàwé mi, bí ẹ bá ti lo ìgbà òtútù kan péré ní apá àríwá Amẹ́ríkà, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nípa òtútù tí ẹ ò mọ̀. Ọyẹ́ tí à ń ráhùn sí nílé, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, gáàsì tàbí iná mànàmáná ló ń mú inú ilé gbóná. Ẹ kàn yí nǹkan kékeré kan lára ògiri, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jáde kúrò ní ìlú ńlá, tí ẹ sì dé àwọn ìlú kéékèèké tó wà láàárín òkè ní àríwá ìlà-oòrùn Pennsylvania, ẹ óò rí àpótí irin dúdú kan nínú pálọ̀ àwọn kan, gíláàsì lójú ilẹ̀kùn rẹ̀, páìpù ńlá lẹ́yìn rẹ̀ tó gba òrùlé jáde. Igi lè jó nínú rẹ̀ lónìí, kí èédú jó nínú rẹ̀ lọ́la. Báwo ni àpótí kan ṣoṣo ṣe wá ń jẹ oúnjẹ méjì? Ìbéèrè yẹn ni àròkọ yìí dá lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, torí olùkọ́ èdè ni mí, mi ò lè fò ó. Ààrò tí àwọn ìyá wa mọ̀, òkúta mẹ́ta tàbí amọ̀ ni. Àdògán náà, amọ̀ ni. Sítóòfù tiwa nílé, kẹrosíìnì ló ń mu, ọbẹ̀ ló sì wà fún, kì í ṣe yàrá. Nítorí náà, ààrò ajẹgi-jẹ-èédú ni mò ń pe irú èyí. Bí ẹ bá ní orúkọ tó dára ju ìyẹn lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ èédú fúnra rẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Èédú tí Yorùbá mọ̀ látilẹ̀wá, igi tí a sun ni; ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà nílẹ̀ ní Enugu ní ọdún 1915, orúkọ kan náà la fi ń pè é. Nínú àròkọ yìí, èédú inú ilẹ̀ ni mò ń sọ, àyàfi tí mo bá dìídì pè é ní èédú igi.

Igi ló kọ́kọ́ wà. Àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀dó sí Pennsylvania ń sun igi bí ẹni pé kò lè tán láé. Ojú ògiri tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ni ààrò wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀ ló sì ń bá èéfín gba òkè lọ. Ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa yan, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dì. Ní ọdún 1744, Benjamin Franklin tẹ ìwé kékeré kan jáde ní Philadelphia láti polówó ààrò irin tí ó ṣe. Nínú ìwé náà ló ti ṣàròyé pé igi tí àwọn èèyàn ń gé lẹ́nu ọ̀nà wọn tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí àwọn ìlú kan ń rin nǹkan bí 100 máìlì kí wọ́n tó rí. Gómìnà fẹ́ fún un ní ìwé àṣẹ pé òun nìkan ni kó máa tà á, Franklin sì kọ̀. Ẹ má jẹ́ kí òkìkí rẹ̀ tàn yín jẹ o: ààrò náà kò fa èéfín dáadáa, àwọn mìíràn ló tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé igi ti ń wọ́n, òtútù ò sì dín.

Bẹ́ẹ̀, ohun ìdáná ń bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́bàá odò Susquehanna àti odò Lehigh, òkúta dúdú kan wà tó ń dán bíi dígí. Anthracite ni wọ́n ń pè é. Kò dà bí èédú rírọ̀ tó máa ń rú èéfín tùù. Kábọ́nù lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, ìpín bíi 90 nínú 100. Èéfín rẹ̀ kéré, ooru rẹ̀ pọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í tètè gbaná. Ní nǹkan bí ọdún 1803, wọ́n fi ọkọ̀ odò kó díẹ̀ lọ sí Philadelphia fún ẹ̀rọ tó ń fa omi ìlú. Wọ́n dà á síná, ló bá pa iná. Ìyókù ni wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1807, Abijah Smith kó ẹrù ọkọ̀ kan lọ sí ìlú Columbia. Kò rí ẹni rà á, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ta ló wá mọ̀ ọ́n dá? Alágbẹ̀dẹ ni. Ní nǹkan bí ọdún 1769, Obadiah Gore, alágbẹ̀dẹ ní Wilkes-Barre, ti ń fi í rọ irin. Ẹni tó bá ti wọ àgbẹ̀dẹ nílẹ̀ Yorùbá rí á mọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹwìrì ni. Atẹ́gùn tí ọmọ iṣẹ́ ń fín sí ìdí iná ló ń sọ èédú igi di ẹyinná tó lè rọ irin. Ohun tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ tí onílé kò mọ̀ ni pé atẹ́gùn gbọ́dọ̀ gba àárín èédú kọjá, kì í ṣe orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti ẹwìrì ní pálọ̀ láti àṣálẹ́ dòwúrọ̀?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1808, adájọ́ kan ní Wilkes-Barre tó tún ní ilé èrò, Jesse Fell lorúkọ rẹ̀, gbé asẹ́ irin sínú ààrò ilé rẹ̀, ó kó èédú lé e, èédú sì jó láìsí ẹwìrì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kan pé iná rẹ̀ mọ́ ju ti igi lọ, owó rẹ̀ sì dín. Asẹ́ irin yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ó gbé èédú kúrò nílẹ̀, atẹ́gùn tútù ráyè gba ìsàlẹ̀ wọlé, ooru tó ń gòkè nínú ihò èéfín sì ń fà á mọ́ra. Ihò èéfín wá di ẹwìrì tí kì í rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Abijah Smith àti John arákùnrin rẹ̀ padà lọ sí Columbia, wọ́n gbé asẹ́ irin dání, wọ́n dáná fún àwọn ará ìlú wò. Èédú bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé Fell ló ṣàwárí jíjó anthracite. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ti mọ̀ ọ́n ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú rẹ̀. Fell ló gbé ìmọ̀ àgbẹ̀dẹ wọ inú pálọ̀, ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìtàn kejì wà tí mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtẹnudẹ́nu ni apá kan rẹ̀. Nígbà ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1812, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun, èédú rírọ̀ tí Philadelphia ń gbà láti Virginia àti Liverpool sì dáwọ́ dúró. Josiah White ní ilé iṣẹ́ tó ń fa irin di wáyà lẹ́bàá odò Schuylkill. Ó ra anthracite. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi òru ọjọ́ kan gbáko ro iná, wọ́n ń tú u, wọ́n ń fọ́n ọn, kò jó. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn ìléru gbàgà, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọ̀kan nínú wọn gbàgbé kóòtù rẹ̀, ó padà wá mú un ní nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà; kàyéfì ló bá, ilẹ̀kùn irin ti pọ́n kuku, inú ìléru ń ràn yòò. Bóyá kóòtù wà lóòótọ́ o, bóyá kò sí, ohun tí ìtàn náà ń sọ tọ̀nà: bí a bá ti ilẹ̀kùn iwájú, atẹ́gùn kò ní ọ̀nà mìíràn ju ìsàlẹ̀ lọ. Anthracite kò sì fẹ́ kí wọ́n máa tú òun. Ní ọdún 1820, 365 tọ́ọ̀nù ni White àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi odò Lehigh kó jáde. Nígbà tó fi di 1917, nǹkan bí 100 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni wọ́n wà jáde ní Pennsylvania lọ́dún kan ṣoṣo.

Ẹ wá padà sídìí àpótí irin wa, torí ẹ ti ní gbogbo ohun tí ẹ nílò láti fi mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Igi kì í jó bí èédú. Tí iná bá mú igi, igi á kọ́kọ́ tú gáàsì jáde, gáàsì yẹn ló sì ń jó tí a fi ń rí ahọ́n iná. Nítorí náà, òkè ni igi ti ń fẹ́ atẹ́gùn, níbi tí gáàsì wà, inú rẹ̀ sì máa ń dùn tó bá sùn lórí eérú tirẹ̀. Èédú líle kò fi bẹ́ẹ̀ ní gáàsì tó máa tú, ara rẹ̀ gan-an ló ń jó, ìsàlẹ̀ ló sì ti fẹ́ kí atẹ́gùn wá. Eérú ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí eérú á dí asẹ́. Ìyẹn ló fà á tí ààrò ajẹgi-jẹ-èédú fi ní ojú atẹ́gùn méjì, ọ̀kan lókè ilẹ̀kùn, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí ó fi ní asẹ́ irin tó ṣeé mì láti ìta, àti àwo tó ń gba eérú lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń jó igi, ẹ dín ti ìsàlẹ̀ kù, ẹ ṣí tòkè, ẹ fi eérú díẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ èédú, ẹ fi igi tan iná títí ẹyinná á fi pọ̀, kí ẹ tó da èédú lé e díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣí ti ìsàlẹ̀, ẹ mi asẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ má da méjèèjì pọ̀: omi inú igi àti imí ọjọ́ inú èédú lè para pọ̀ di ohun kíkan tó ń jẹ irin páìpù. Títóbi èédú náà ní orúkọ lọ́jà. Ẹyin, ẹ̀pà àti ẹ̀wà ni ìtumọ̀ mẹ́ta nínú wọn, ìwọ̀n tó bá ààrò yín mu ni kí ẹ rà.

Àwọn tó ń wa èédú ńkọ́? Mi ò lè kọ ìtàn ìgbóná ilé kí n má dárúkọ wọn. Àwọn ọmọdé ọkùnrin ni wọ́n ń kó jókòó síbi tí wọ́n ti ń fọ́ èédú, kí wọ́n máa fi ọwọ́ lásán ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 1869, iná ṣẹ́ ní ibi ìwakùsà Avondale, nítòsí Wilkes-Barre. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ inú rẹ̀, ọ̀nà yẹn ló sì jó. Èèyàn 110 ló kú, èéfín àti gáàsì ló pa wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni ìpínlẹ̀ náà ṣòfin nípa ààbò ibi ìwakùsà. Ní 1902, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá. Òtútù ń bọ̀, owó èédú gun òkè, ni Ààrẹ Theodore Roosevelt bá pe àwọn méjèèjì sí Washington. Wọ́n rí ìpín 10 nínú 100 lé owó iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 1959, odò Susquehanna já wọ inú ibi ìwakùsà Knox, èèyàn 12 kú, ìwakùsà inú ilẹ̀ jíjìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ní àfonífojì yẹn. Nígbà yẹn, epo rọ̀bì àti gáàsì ti gba pálọ̀ lọ́wọ́ èédú.

Ohun tó dá ààrò náà padà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Kẹwàá 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà, nígbà tí 1974 sì bẹ̀rẹ̀, owó àgbá kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Lọ́dọ̀ wa, owó epo yẹn náà ló wà lẹ́yìn owó Udoji tí àwọn òbí wa fi ra tẹlifíṣọ̀n. Níbí, ẹni tí kò lè ra epo mọ́ padà sídìí igi àti èédú. Ṣé ẹ rí i, ọdún kan náà ni, ẹ̀yìn òkun méjì! Ààrò irin pọ̀ débi pé èéfín igi bo àwọn àfonífojì kan. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ fi òfin dé iye èéfín tí ààrò igi tuntun lè tú jáde. Ó tún òfin náà ṣe ní 2015, láti 2020 ó sì di gíráàmù 2 ní wákàtí kan, tàbí 2.5 tó bá jẹ́ igi gidi ni wọ́n fi dán an wò. Kò sí ààrò tó lè pa òfin yẹn mọ́ tí igi rẹ̀ bá tutù. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Kó dín sí ìpín 20 nínú 100 kí ẹ tó jó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà á lẹ̀ mọ́ inú páìpù, lọ́jọ́ kan á gbaná.

Ó ku ọ̀rọ̀ gáàsì tó pa àwọn ará Avondale. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ibikíbi tí èédú tàbí igi bá ti ń jó láìrí atẹ́gùn tó ni ó ti ń jáde. Òun náà ló ń pa odidi ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sùn ní Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí iná mànàmáná bá lọ nínú òtútù, àwọn kan máa ń gbé ìkòkò èédú igi tí wọ́n fi ń yan ẹran wọ inú yàrá, pàápàá àwa tí kò dàgbà sínú òtútù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ààrò tó ní páìpù jáde sí ìta ló yẹ inú ilé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbá páìpù náà lọ́dọọdún. Bí ẹ bá gba ilé tí ààrò wà nínú rẹ̀, ẹ bi onílé bóyá asẹ́ irin wà lábẹ́ rẹ̀. Tí kò bá sí, igi nìkan ló lè jẹ. Ẹ bi í pẹ̀lú ibi tí aago carbon monoxide wà, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ gbọ́ ọ bóyá ó ń ké.