Báńkì, Ọmọ Ìyá Bẹ́ǹṣì

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí ti odò ti rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń lò lójoojúmọ́ tí a kò béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ọ̀kan nínú wọn ni "bank" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè, tí àwa náà sì ti sọ di báńkì.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1998, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó ìyá mi wà nínú ọ̀kan lára wọn. Aṣọ ni wọ́n ń tà, èmi ni mo sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n kó owó wọn kúrò lọ́wọ́ alájọ lọ sí ibẹ̀. ₦50,000 ni òté iye tí àjọ NDIC lè san fún ẹnì kan nígbà náà. Tiwọn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí a bá ìlẹ̀kùn ní títì, wọn kò bú mi. Ìbéèrè ni wọ́n bi mí: "Ìwọ tí o kàwé, kí ni ó ń jẹ́ báńkì gan-an?" Mo ní ilé ìfowópamọ́ ni. Wọ́n ní, "Ta ni ó jókòó síbẹ̀ tí mo lè lọ bá?" N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ni ó sún mi dé ìdí ìwé atúmọ̀ èdè.

Bí Yorùbá bá pe ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́, ohùn ni ó ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. "Bank" ni bèbè odò, òun náà ni ilé ìfowópamọ́, òun náà sì ni ìjókòó àwọn tí ó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ láyé àtijọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé àjèjì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ara wọn. Rárá o. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ni kò dọ́gba.

Èdè àwọn ẹ̀yà Jámánì àtijọ́ ni orísun wọn. Ohun tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó sì ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, ni ọ̀rọ̀ náà jọ mọ́. Kò ní í ṣòro fún ẹni tí ó bá mọ pèpéle láti lóye èyí: erùpẹ̀ tí a mọ ga ni pèpéle, ìjókòó sì ni pẹ̀lú. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì àti Nọ́wè tí wọ́n wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú ti erùpẹ̀ wá, èyí tí ó di bèbè odò. Ti ìjókòó awakọ̀ gba inú èdè Faransé wọlé.

Ti owó ni ó rin ìrìn àjò jù. Àwọn ará Ítálì yá a lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Jámánì, wọ́n ń pè é ní banca, èyíinì ni àga gbọọrọ tí àwọn tí ó ń ṣẹ́ owó máa ń tẹ́ owó wọn lé. Nígbà tí ìdílé Medici dá ilé owó tiwọn sílẹ̀ ní Florence ní ọdún 1397, òwò náà ti tóbi ju orí àga lọ, ṣùgbọ́n orúkọ àga kò kúrò lára rẹ̀. Àti Ítálì ni ó ti gba ilẹ̀ Faransé dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi dá Bank of England sílẹ̀ ní ọdún 1694. Ẹni tí òwò rẹ̀ bá wó, tí kò lè san gbèsè, àwọn ará Ítálì a ní àga rẹ̀ ti kán: banca rotta. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí "bankrupt", òfin tí Ọba Henry Kẹjọ ṣe lórí irú wọn sì ti wà láti ọdún 1542.

Ní ọdún 1894 ni Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé "bench" tí a sọ di bẹ́ǹṣì, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti báńkì. A yá àwọn méjèèjì, a kò mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n. Bẹ́ǹṣì ń bẹ ní ìta gbangba, níbi tí a ti lè rí ojú ẹni tí ó jókòó lé e. Báńkì ti wọ inú ilé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Nígbà tí mo ròyìn èyí fún ìyá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rán wọn létí pé alájọ náà a máa kó owó sá lọ. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí alájọ tèmi bá sá, mo mọ ilé ìyá rẹ̀."