Àgbàsìn Ológbò: Eku, Ọjà àti Ìtọ́jú Ẹran Ilé ní Kòsọ́fẹ́

Ìfáàrà

Ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀wà, àgbàdo àti gààrí ní Mile 12 àti Kétu, ológbò kì í ṣe àlejò. Ó ń sùn lórí àpò lọ́sàn-án, ó ń ṣọ́ eku lóru, ọmọ tó bá sì bí a máa ti ọwọ́ ọlọ́jà kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé inú gọ́tà tàbí ẹ̀yìn àkìtàn ni wọ́n ti ń ké kí aláàánú kan tó gbé wọn relé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú iṣẹ́ àánú yìí ti di ti ẹgbẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Mary Tealby dá ilé fún ajá tó sọnù sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1860. Ilé náà, tí a mọ̀ sí Battersea lónìí, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ológbò ní 1883, a sì dá ẹgbẹ́ Cats Protection League sílẹ̀ ní 1927. Nínú ètò wọn, ẹnì kan lè gba ológbò fún ìgbà díẹ̀ títí yóò fi rí ilé, ẹlòmíràn a sì gbà á pátápátá.

Ìbéèrè tó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni bóyá àṣà Yorùbá ní ìpìlẹ̀ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dúró lé ní Kòsọ́fẹ́. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìpìlẹ̀ náà wà, àgbàsìn ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ológbò kì í ṣe ewúrẹ́, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra sì ni ọ̀rọ̀ ti díjú.

Títọ́ àti sísìn

Èdè Yorùbá fi ìyàtọ̀ sáàárín ọmọ àti ẹran: ọmọ ni à ń tọ́, ẹran ni à ń sìn. Ọmọ àgbàtọ́ ni èyí tí ẹlòmíràn gbà tọ́ láì sọ ọ́ di àjèjì sí òbí tó bí i. Ní ti àgbàsìn, ẹni tó ni abo ewúrẹ́ tàbí adìyẹ a gbé e fún ẹlòmíràn láti máa sìn. Bí ó bá bímọ, wọn a pín in gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Bí ó bá kú, alágbàsìn ní láti jẹ́ kí olówó rẹ̀ mọ̀. Ẹran kò di ti alágbàsìn, alágbàsìn kò sì ṣiṣẹ́ lásán. Gbogbo ohun tí ìtọ́jú onígbà-díẹ̀ ń béèrè ló wà nínú àdéhùn yìí: ìfọkàntán, oúnjẹ, ìjíhìn, àti ọjọ́ tí a ó dá ohun olóhun padà.

Ipò ológbò nínú ètò yìí kò dúró sójú kan. Ológbò, ológìnní, músù: orúkọ rẹ̀ pọ̀, ìwà tí à ń hù sí i náà pọ̀. Òwe ní bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté. Iṣẹ́ rẹ̀ ni òwe yìí ń yìn, kì í ṣe ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ mìíràn wà pé àjẹ́ a máa gbé àwọ̀ ológbò wọ̀, pàápàá èyí tó dúdú, nítorí náà òkúta ni ọ̀pọ̀ ológbò tó ń ké lóru ń gbà. Ẹran kan náà ni olùṣọ́ àká àti ẹni ìfura.

Eku nínú ìtàn Èkó

Ìtàn ìlera ìlú fi hàn pé iṣẹ́ olùṣọ́ yìí kì í ṣe kékeré. Àjàkálẹ̀ àrùn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní plague, tí eégbọn ara eku ń gbé kiri, bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di nǹkan bí 1930. Ìjọba amúnisìn gbógun ti eku, ó sì dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti wó àdúgbò tó há, kí ó sì tẹ́ àdúgbò tuntun dó. Yábàá wà lára èso iṣẹ́ náà. Ilé wíwó ni ìjọba gbára lé jù. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1908, Andrew Buchanan, dókítà kan ní Íńdíà, ti kọ ọ́ nínú British Medical Journal pé àrùn náà kò jà tó bẹ́ẹ̀ ní abúlé tí ológbò pọ̀ sí. Ní ọdún kan náà ni Robert Koch dá irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní Jàpáàn. Ìmọ̀ ìgbà tó tẹ̀ lé e fi kún un pé ológbò fúnra rẹ̀ lè kó àrùn náà, nítorí náà kì í ṣe awúre.

Ní 1969 ni a dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú tó jẹ́ orúkọ yẹn ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Eku kan tó ń wọ ilé àti àká ló ń gbé e. Lára ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fún ará ìlú ni kí a fi oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí a da pàǹtírí sí ọ̀nà jíjìn sí ilé, kí a sì máa sin ológbò. Ohun tí òwe ti sọ ni àjọ náà tún sọ.

Saheed Aderinto, nínú ìwé rẹ̀ Animality and Colonial Subjecthood in Africa tó jáde ní 2022, fi hàn pé a kò lè kọ ìtàn ìjọba amúnisìn ní Nàìjíríà dáadáa bí a bá yọ ẹranko kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ọjà òde òní pẹ̀lú.

Kòsọ́fẹ́: omi, oúnjẹ àti májèlé

Mile 12 ni tòmátò, ata, àlùbọ́sà àti iṣu láti Òkè Ọya ti ń balẹ̀ sí Èkó. Ọjà èso Ìkòsì kò sì jìnnà sí i. Ibi tí oúnjẹ bá ti pọ̀ tó báyìí, eku kò ní ṣàìwá. Omi náà ń dá kún un. Odò Ògùn ń ṣàn kọjá lágbègbè náà, a sì ṣí ìsédò Ọ̀yán ní òkè odò ní 1983. Ní oṣù kẹwàá 2010, omi tí a tú sílẹ̀ láti ibẹ̀ bo Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú àti Agiliti, ó sì lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé. Ẹni tó ń sá fún omi kì í sábà rántí ológbò.

Ọ̀tá ológbò tó burú jù ni oògùn eku àti ọ̀tápíapía. Ológbò tó jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọlọ́jà tó ra oògùn lè tipa bẹ́ẹ̀ pa olùṣọ́ ara rẹ̀. Ní 2019, àjọ NAFDAC gbé ìgbésẹ̀ láti lé ìgò kéékèèké dichlorvos kúrò ní ọjà gbangba. Òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916, sọ ìwà ìkà sí ẹranko di ẹ̀ṣẹ̀ ní abala 495: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Náírà 50 kò lè ra búrẹ́dì kan mọ́. Òfin tó rí báyìí kò lè dáàbò bo ológbò. Àṣà ni yóò ṣe é.

Ibi tí àgbàsìn kò tó

Èrè alágbàsìn ni ọmọ ẹran. Àwọn tó ń gba ológbò là kò fẹ́ ọmọ sí i, nítorí pé nǹkan bí oṣù méjì péré ni oyún ológbò, ó sì lè bí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí ó bímọ mọ́. Èyí kò ṣàjèjì pátápátá, nítorí àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ti ń tẹ òbúkọ lọ́dàá tipẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí kí ẹran lè sanra fún ọjà ni wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ológbò kò mú owó wọlé. Kí wá ni ìpín alágbàsìn?

Ìdáhùn wà nínú òwe àti nínú ìtàn: àpò ẹ̀wà tí eku kò jẹ, àti ilé tí àrùn kò wọ̀. Bí a bá gbà pé ìpín nìyí, ojúṣe náà ti hàn: kí ọmọ ológbò má kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kí ó tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un, kí a má sì da májèlé sí ibi tí ó ti ń ṣọdẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Gbígba ológbò sọ́dọ̀ ní Kòsọ́fẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni pe ẹran ní ọmọ. Ẹni tó bá sọ fún ọlọ́jà Mile 12 pé kí ó wá tọ́ ológbò lè di ẹni ẹ̀rín. Ẹni tó bá ní kí ó gbà á sìn, tó sọ àdéhùn, tó sì sọ èrè, ti sọ ohun tí ọlọ́jà náà mọ̀ kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì. Ohun tó ṣẹ́kù láti yí padà ni òkúta tí à ń sọ lóru. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdéhùn, ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ni, yóò sì pẹ́ kí ó tó kúrò nílẹ̀.