Olú-Àpáta Inú Òkun

Ẹ wá gbọ́ ìtàn ẹja kan tó ju géńdé ọkùnrin lọ! Ó lè gùn tó mítà 2.5, ó sì lè wọ̀n ju 300 kílò lọ. Inú ihò àpáta lábẹ́ òkun ló fi ṣe ilé. Bó bá la ẹnu gbàgà bí ilẹ̀kùn ààfin, omi á wọ́ ẹja àti edé wọlé lọ́wọ̀ọ́wọ́. Àwọn Tupi, onílẹ̀ etíkun Bràsíìlì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní itajara: olú-àpáta.

Ní 1638, ọmọ Jámánì kan, Georg Marcgrave, gúnlẹ̀ sí apá ibi tí àwọn Dọ́ọ̀ṣì ń jọba lé lórí ní Bràsíìlì nígbà náà. Ó ń ṣọ́ ìràwọ̀, ó ń kọ nípa ewé, ẹyẹ àti ẹja, ó sì ń ṣàkọsílẹ̀ orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n; itajara wà lára wọn. Ikú ká a mọ́ Luanda, lórí ilẹ̀ Áfíríkà, kò sì fojú rí ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1648.

Orúkọ ò bá a kú. Ní 1822, ọ̀mọ̀wé Hinrich Lichtenstein tú iṣẹ́ olóògbé náà yẹ̀wò ní Berlin. Ìlànà tí ọ̀mọ̀wé Linnaeus fi ń sọ ẹ̀dá lórúkọ ti fìdí múlẹ̀ nígbà náà: ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ orúkọ ìdílé, yóò sì jẹ́ tirẹ̀. Lichtenstein kò gba ọ̀rọ̀ Tupi náà lọ́wọ́ ẹja. Ìdílé Epinephelus, tí dókítà Marcus Bloch dá sílẹ̀ ní 1793, ni wọ́n kà á mọ́ nígbẹ̀yìn, ló bá di Epinephelus itajara.

Àṣé ẹja méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan! Ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ilẹ̀ Panama yọ sókè, ó pín omi níyà, ó sì ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀: àwọn kan bọ́ sí Àtìláńtíìkì, àwọn kan sí Pàsífíìkì. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ní 2009 ni àyẹ̀wò DNA tú àṣírí. Wọn kò tilẹ̀ wá orúkọ tuntun: ọ̀mọ̀wé Bocourt ti sọ ti Pàsífíìkì ní quinquefasciatus láti 1868, wọ́n sì jí orúkọ náà dìde.

Florida fòfin de pípa olú-àpáta pátápátá láti 1990 títí di 2023; Bràsíìlì fòfin dè é ní 2002. Ti Àtìláńtíìkì ni wọ́n ṣe òfin méjèèjì fún. Bí ti Pàsífíìkì bá run, èyí tí wọ́n gbà là kò lè dípò rẹ̀.