Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré tí ó ń ti Ìdó wọ Erékùṣù Èkó

Bí a bá bi ọmọ Èkó léèrè ibi tí rélùwéè pin sí láyé àtijọ́, kíá ni yóò dáhùn pé Ìdó ni. Òtítọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé. Ìgbà kan ti wà rí tí irin gba orí afárá kọjá, tí ẹ̀rọ eléèéfín sì ń rìn láàrin ilé àwọn ènìyàn ní Erékùṣù Èkó. Ìtàn ọ̀nà náà ni a fẹ́ kọ sílẹ̀, nítorí àwọn tí ó fi ojú ara wọn rí i ti lọ tán.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà rélùwéè lọ sí ilẹ̀ òkè. Ó kọjá Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ìdó ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìdó wà ní òdìkejì omi. Ọjà ńlá, ilé àwọn oníṣòwò àti ọ́fíìsì ìjọba, Erékùṣù Èkó ni gbogbo wọn wà. Afárá tí a fi orúkọ Gómìnà Carter pè, tí ó parí ní ọdún 1901, ni ó so ibi méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 1902, nígbà tí Sir William MacGregor ń ṣe Gómìnà, ọkọ̀ ojú irin kékeré bẹ̀rẹ̀ sí gba orí afárá yìí wọ inú ìlú, ó ń kó èrò, ó sì ń kó ẹrù.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí. Àlàfo tí ó wà láàrin irin méjèèjì ti rélùwéè ńlá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6. Ti kékeré yìí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínṣì 6 lọ. Nítorí náà, kò sí ọkọ̀ kan tí ó lè ti Ìbàdàn wá kí ó sì wọ inú Èkó tààrà. Gbogbo ẹrù ni a ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdó, kí a tún gbé wọn sí òmíràn. Lójú tiwa, àléébù tí ó tóbi jù nìyí. Ẹni tí ó ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tán, tí ó rí alábàárù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí ó sì rí ọlọ́kọ̀ ọpọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ni yóò tún máa dúró de ọkọ̀ irin sí?

Nígbà tí ọdún 1913 ń parí lọ, ọkọ̀ náà kò gbé èrò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan ṣẹ́kù, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní ẹwà: garawa ìgbẹ́ ni ó ń kó, tí a ó lọ dà nù sínú ọ̀sà. Kò yẹ kí ojú tì wá láti sọ ọ́. MacGregor fúnra rẹ̀ jẹ́ oníṣègùn, ogun ẹ̀fọn àti ẹ̀gbin ni ó sì gbé ti Èkó ní ìgbà tirẹ̀. Ìlú tí ènìyàn kún inú rẹ̀ báyìí, tí kò ní ihò ìdọ̀tí lábẹ́ ilẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru ẹ̀gbin rẹ̀. Àwọn agbépòó ni ó ń gbé garawa láti ẹ̀yìnkùlé dé ojú irin. Ọkọ̀ a sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ènìyàn a máa fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, wọn kì í sì í fẹ́ kí wọn gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Ní ọdún 1933, a ti ẹ̀ka yìí náà pa. Garawa kò bá a lọ. Ó wà ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Afárá Carter àtijọ́ pàápàá kò sí mọ́. A wó o, a sì tún òmíràn kọ́ ní àwọn ọdún 1970.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tún bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò wọ Erékùṣù Èkó, láti Mile 2 dé Marina.